Awọ́nríwọ́n Inú Ilé Adìẹ

Bí ẹnikẹ́ni bá ti ilẹ̀kùn páànù gbàgà ní Mile 12 tí mò ń gbé báyìí, àyà mi ṣì máa ń já.

Màámá, ìyá ìyá mi, ló ń sin adìẹ abọ́lọ́rùn ní Agboyi nígbà tí mo wà lọ́mọdé lọ́dọ̀ wọn, àwọn tí kì í ní ìyẹ́ lọ́rùn. Àrùn ti pa gbogbo wọn tán, ó ku àgbébọ̀ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pamọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, adìẹ náà figbe ta.

"Màámá, awọ́nríwọ́n ti wọlé adìẹ!" ni mo kígbe.

Màámá mú àdá, wọ́n wọlé tọ̀ ọ́. "Ti ilẹ̀kùn! Má jẹ́ kó jáde!"

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mo ní kó o tì í!"

Mo tì í, mo sì fẹ̀yìn tì í. Ìrù ń na páànù, àdá ń gé igi, Màámá ń ṣépè. Ẹ̀jẹ̀ gbígbóná ṣàn gba abẹ́ ilẹ̀kùn kan ẹsẹ̀ mi.

Màámá wọ́ òkú ẹran náà jáde, àtàǹpàkò ọwọ́ wọn kan ti já.

"Ka àwọn ọmọ adìẹ fún mi."

Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé ojú Màámá ò ríran mọ́, pé etí ni wọ́n fi jà.

"Mẹ́fà ló kù."

"Mélòó ló jẹ́ abọ́lọ́rùn nínú wọn?"

"Mẹ́ta, Màámá."

"Irú wọn ò tíì run nìyẹn." Ìgbà yẹn ni wọ́n tó jókòó sílẹ̀, tí wọ́n ń sunkún.