Mọ́tò Ìjàpá Bàbá Mi àti Ìrìnàjò Jámánì

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí eyín iwájú mi méjèèjì yọ tí wọn ò tíì padà hù, bàbá mi ra mọ́tò ìjàpá kan. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń gbé Houston, tí mọ́tò mẹ́ta ń dúró níwájú ilé yín bí ewúrẹ́, ẹ ò lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lára wa. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni bàbá mi, ìlú wa ò sì tóbi. Àwọn ni ẹni kẹta tó ní mọ́tò níbẹ̀, àwọn méjì tó ṣáájú sì ń fi tiwọn kó kòkó ni. Mọ́tò kékeré ni, ẹ̀yìn rẹ̀ rí róbótó, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń pè é ní ìjàpá.

Ìjọ Aládùúrà la wà nígbà yẹn. Ohunkóhun tí ọmọ ìjọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ìbáà ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ, a gbọ́dọ̀ gbé e wá síwájú ṣọ́ọ̀ṣì kí wòlíì fi òróró àti omi àdúrà sí i. Lọ́jọ́ Ìsinmi náà, gbogbo ìjọ wọ sùtánà funfun, wọ́n pagbo yí mọ́tò ká. Wòlíì ní orí ni wọ́n ń fi òróró yàn, ẹ́ńjìnnì sì ni orí mọ́tò. Kí bàbá mi tó ráyè sọ̀rọ̀, ìyàwó wòlíì ti ṣí iwájú rẹ̀. Táyà kan àti àkísà kan ló wà níbẹ̀. Kò sí ẹ́ńjìnnì!

Yéè! Ariwo tó sọ lọ́jọ́ náà! Àwọn kan ní ẹni tó ta á ló ti yọ ẹ́ńjìnnì lọ. Wòlíì fẹ̀yìn rìn, wọ́n ní mọ́tò tí kò ní ẹ́ńjìnnì tó sì rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn fẹ́ mọ ẹ̀mí tó ń wà á. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá rí ẹnu sọ̀rọ̀, wọ́n lọ ṣí ẹ̀yìn mọ́tò, ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Inú wòlíì dùn kọjá bó ṣe yẹ, wọ́n da odindi garawa omi àdúrà lé e lórí. Mọ́tò kọ̀, kò ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni ìjọ ṣe gba ààwẹ̀ yẹn náà.

Mo dúró ti bàbá mi nígbà tí wọ́n ń nu omi kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí, ẹni tó ronú pé ìdí mọ́tò ni kóun gbé ẹ́ńjìnnì sí, mo gbọ́dọ̀ fojú ara mi rí ibi tó ti ṣe é." Wọ́n ra àwòrán ayé, wọ́n kàn án mọ́ ògiri pálọ̀, wọ́n fi báírò pupa fa ìlà láti ìlú wa dé Jámánì, níbi tí wọ́n ti ṣe ìjàpá. Ìlà náà wà níbẹ̀ títí mo fi di nọ́ọ̀sì, títí mo fi bá ọkọ mi wá sí Amẹ́ríkà.

Nígbà tí ọwọ́ mi tẹ́nu díẹ̀ níhìn-ín, mo ní kí bàbá mi palẹ̀ mọ́, kí a jọ lọ sí Jámánì. Wọ́n gba físà. Àmọ́ orúnkún wọn ti bàjẹ́ nígbà náà, wọn ò lè rìn jìnnà. Mo ṣàlàyé fún wọn lórí fóònù pé kẹ̀kẹ́ arọ ni a ó fi gbé wọn kiri. Háà! Wọ́n ní ṣé kí àwọn ọmọ tí àwọn kọ́ ní ábídí wá rí àwọn nínú kẹ̀kẹ́ arọ ni? Ká má rí i! Mo bẹ̀, mo sunkún, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n papò dà. Kí n má fepo bọyọ̀, inú bí mi sí bàbá mi, ó sì ṣì ń bí mi díẹ̀díẹ̀.

Ní báyìí tí mo ti fẹ̀yìn tì, mo sọ fún àwọn ọmọ mi pé èmi ń lọ sí Jámánì. Mo kọ ètò rẹ̀ sínú ìwé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì nílé mi ní Missouri City, lẹ́bàá Houston: ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe ìjàpá ló ṣáájú, lẹ́yìn náà ilé méjì tí wọ́n kó mọ́tò àtijọ́ jọ sí fún àwọn olùwòran. Ọmọ mi obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní Westchase nínú Houston, wo ìwé náà, ó wo orúnkún mi, nítorí orúnkún bàbá mi ni mo jogún. Ó ní, "Mummy, ẹ wò ó lórí fóònù now, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀." Mo bi í pé ṣé orí fóònù lòun náà ti ń jẹun. Ló bá ní ó dáa, ìrìn inú ilé iṣẹ́ yẹn gùn. Bí mo bá lè yí mall ká lẹ́ẹ̀mejì láìjókòó, òun á gba ìsinmi níbi iṣẹ́, òun á bá mi lọ. Bí mi ò bá lè ṣe é, kí n gbà láti jókòó sínú wheelchair, tàbí ká gbàgbé ẹ̀. Mo ní wheelchair bàbá ta ni? Mo ní kó máa wò mí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń rìn ládùúgbò wa láràárọ̀ kí oòrùn tó mú. Nílùú yìí, bí èèyàn bá ń fẹsẹ̀ rìn, wọ́n á rò pé mọ́tò rẹ̀ ló bàjẹ́. Obìnrin kan tiẹ̀ dúró, ó ní kí n wọlé kóun gbé mi délé. Mo dúpẹ́, mo bá tèmi lọ.

Sátidé tó kọjá la lọ sí mall. Àyíká kìíní, bí ẹni ń jó ni. Ní ìkejì, mo ti rìn dé ìdajì nígbà tí orúnkún kọ̀ fún mi. Mo di ògiri ìsọ̀ bàtà kan mú, mo gbàdúrà, mo bú orúnkún náà, kò gbọ́. Mo jókòó. Omijé bọ́ lójú mi, èmi àgbàlagbà, láàárín àwọn tó ń jẹ gúgúrú. Ọmọ mi lọ gba ọ̀kan nínú kẹ̀kẹ́ arọ tí mall náà ní, ó dì í mú, ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, kò sún mọ́ mi. Ó mọ irú ìyá tóun ní.

Ká má rí i, ohun tó wá sí mi lẹ́nu nìyẹn. Ó ti dé orí ahọ́n. Mo gbé e mì. Mo ní, "Gbé kiní yẹn wá jàre, ó ku ìdajì." Ó tì mí parí àyíká kejì, kò sì sí ẹni tó yíjú wò wá.

Láyé ìgbà tí mò ń sọ yìí, bí ẹsẹ̀ àgbà bá kọṣẹ́, inú yàrá ni wọ́n ń gbé e pamọ́ sí, wọ́n á ní baba ń sinmi. Lóde òní, mo ń rí àwọn arúgbó nínú kẹ̀kẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n kun ètè, wọ́n ń pàṣẹ fún ẹni tó ń tì wọ́n. Ayé ti yí, ó sì yí sí rere níbi èyí. Oṣù tó ń bọ̀ la ó gbéra, mo sì máa dé ibẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn mí: ká ní bàbá mi gbà nígbà náà ni, èmi ni ǹ bá máa tì wọ́n lọ.