Píkọ́ọ̀pù Tí Ẹni Mẹ́fà Rà

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, owó oṣù mi kan ra apẹ̀rẹ̀ edé gbígbẹ tó pọ̀ débi pé a háyà ọkọ̀ ojú omi láti kó o. Lónìí, owó ìfẹ̀yìntì mi kò tó ra ẹ̀kún apẹ̀rẹ̀ kan. Bẹntiróòlù tí a máa ń fi fọ gíríìsì kúrò lọ́wọ́ bí ẹni ń fi omi ṣeré, mo ti rí àgbàlagbà tó ń gbọn kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà pé ó ti tán. Ohun tí mo san lórí bátìrì píkọ́ọ̀pù kan lọ́dún tó kọjá ju owó tí ẹni mẹ́fà fi ra odindi píkọ́ọ̀pù náà lọ.

Èmi wà nínú ẹni mẹ́fà yẹn. A dá owó jọ, a ra ọkọ̀ náà, a fi ń kó ẹja yíyan láti Igbókọ̀dá lọ sí Okìtìpupa. Ọmọ orí omi ni márùn-ún nínú wa, láti Etíkàn, Awoyè àti Molútẹ̀hìn. Ilé wa wà lórí òpó igi, omi ni ìta wa, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè wa mọ́tò dé ibẹ̀. Ẹnì kẹfà nìkan ni baba rẹ̀ ní ilẹ̀ gbígbẹ ní Igbókọ̀dá. Ọgbà baba rẹ̀ la máa ń gbé ọkọ̀ sí, kí a tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sílé. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ń sùn. Orúkọ rẹ̀ la sì fi sórí ìwé ọkọ̀, torí òun nìkan ló ní àdírẹ́sì tí akọ̀wé lè kọ sílẹ̀.

Nígbà tó yá, mo lọ ṣe tíṣà ní ìlú òkè, àwọn yòókù náà fọ́n ká. Ẹni tó bá padà lọ béèrè ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kẹfà yẹn, èsì kan náà ló ń gbà: ẹni tó ń gbá abẹ́ nǹkan ló ni nǹkan.

Mo fẹ̀yìn tì, mo padà wálé, mo sì rí ọkọ̀ náà lẹ́yìn àtíbàbà tí ìyàwó rẹ̀ ti ń yan ẹja. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun ti jẹ ilẹ̀ rẹ̀ débi pé adìyẹ ń gba abẹ́ wọlé lọ yé sórí àga. Ẹ́ńjìnnì kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọkùnrin náà ti yọ ọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi kan tó ń ná Awoyè, omi iyọ̀ sì ti bà á jẹ́.

Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ọ̀pá rẹ̀ láàárín orúnkún.

"Fásitì," ó wí. Bó ṣe ń pè mí nìyẹn látọjọ́ tí mo ti wọ yunifásítì tí òun kò wọ̀. "Kí lo wá wò?"

"Ọkọ̀ wa."

"Mi ò rí ọkọ̀ yín níbí. Tèmi ló wà lẹ́yìn ilé. Tó o bá fẹ́ rà á, sọ̀rọ̀. Tó ò bá fẹ́ rà á, má da adìyẹ mi láàmú."

Mo ní ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà ni màá san, torí ìdá kẹfà jẹ́ tèmi. Ó ké sí ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá wọn, wá gbọ́ ìṣirò. Bá mi mú ayùn bọ̀ pẹ̀lú." Ó wá yíjú sí mi. "Èwo ni tìẹ, ká gé e fún ọ? Ilẹ̀kùn ni àbí táyà?"

Obìnrin náà kò mú ayùn wá. Ó ní, "Bàbá, ẹ jókòó, ẹ mu omi." Mi ò jókòó.

Kì í ṣe mọ́tò gan-an ni mò ń wá. Inú ọkọ̀ yẹn ni mo ti lo ìgbà ọ̀dọ́ mi, lórí àpò ẹja, pẹ̀lú àwọn tí mo fẹ́ràn. Mo fẹ́ kí ọkùnrin yìí fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ níṣojú ẹlòmíràn, lẹ́ẹ̀kan péré, pé àwa mẹ́fà la jọ rà á.

Kò sọ ọ́. Nígbà tí mo tún padà lọ, àwọn tó ń ra irin àlòkù ti dúró tì í, wọ́n fẹ́ gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ojú mi kò gbà á. Mo san gbogbo owó tó pè níṣojú wọn àti níṣojú ìyàwó rẹ̀. Ó kó owó náà sápò tán, ó wá gbóhùn sókè.

"Ẹ wò ó dáadáa. Fásitì ra ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Ṣé èèyàn máa ń ra ohun tó jẹ́ tirẹ̀?"

Àwọn oní-irin rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé owó ara mi ni mo fi jẹ́rìí ta ko ara mi.

Mo tún ọkọ̀ náà ṣe pẹ̀lú ìbínú. Mẹkáníìkì wá ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ fún mi, kò bá ibi tí wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnnì sí mu, a gé ibẹ̀, a tún un jó. Irin tí wọ́n bá jó mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ lónìí, kí wọ́n tó dé orí èyí tó kàn, ó ti ń dógùn-ún. Mẹkáníìkì ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká sòótọ́, òkú lẹ ń wọ̀ láṣọ." Àwọn ọmọ mi bínú lórí fóònù. Ọ̀tá mi a máa kọjá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, a sì béèrè bóyá a ti ṣe ìsìnkú.

Lọ́jọ́ tó ṣiṣẹ́, èmi nìkan ni mo wà á jáde, tó ń rú èéfín. Mo bá ọ̀tá mi lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí kò sí ilé. Ó na ọ̀pá sí mi. Mo dúró. Ó gbé ọwọ́ lé etí ọkọ̀, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ tó ṣófo, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Àwa mẹ́fà la rà á," ó wí. "Mo mọ̀. Mi ò sọ rí pé mi ò mọ̀."

"Wá sọ ọ́ níwájú ìyàwó ẹ."

"Kò ní ṣẹlẹ̀. Ìwọ lo kàwé. Lọ pe àwọn ẹlẹ́rìí ẹ."

Ó fi ọ̀pá gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Mo jókòó síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n mí, mo ń ro ẹni tí mo lè pè. Awakọ̀ wa, ọmọ Awoyè, òkun gbé e lọ. Àbúrò rẹ̀ tó ń bá a jókòó níwájú, ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Ọmọ Molútẹ̀hìn tó lọ bá àwọn elépo ṣiṣẹ́ kú sí ìlú tí a kò mọ̀, a kò gbé e wálé. Ọmọ Etíkàn bíi tèmi, tó kéré jù nínú wa, a ti sin ín nígbà òjò tó ṣáájú ọjọ́ yẹn.

Ó ku èmi. Ó ku òun.