Bàbá Mi Ń Kí Kọ̀ǹpútà Kú Iṣẹ́

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ bàbá mi o!

Ìgbà tí Ìjerò ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni wọ́n ti ra kọ̀ǹpútà tó wà ní pálọ̀ wa yìí. Kó tó ṣí lẹ́tà kan, èèyàn á ti gúnyán, á ti jẹ ẹ́ tán. Láàárọ̀ yìí, mo ní kó to inú ara rẹ̀, kó kó àwọn fáìlì tó ti fọ́n káàkiri jọ sójú kan.

Àwọn àpótí kéékèèké aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í sún lójú rẹ̀. Bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, fa àga síwájú rẹ̀.

"Ẹ kúuṣẹ́ o."

Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kí!

Mo kọjá, wọ́n pè mí padà.

"O rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, o ò kí i?"

"Bàbá, ẹ̀rọ ni."

"Ṣé ẹ̀rọ kì í ṣiṣẹ́ ni?"

Mo kí i. Èmi, bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta!

Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n yí fáànù kúrò lára mi sí ara kọ̀ǹpútà.

Ó parí iṣẹ́ rẹ̀. Mo ní kí n tẹ ètò ìkórè tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì máa wá gbà nírọ̀lẹ́ yìí. Bàbá mi gbọ́wọ́ mi kúrò, wọ́n pa kọ̀ǹpútà, wọ́n faṣọ bò ó.

"Àtàárọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Jẹ́ kó sinmi."

Báírò ni mo fi ń kọ ètò ìkórè báyìí, òógùn bò mí. Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá ni.

Wọn ò kí mi!

Ẹ̀yin ará, ó kéré tán, ẹ̀yin ẹ kí mi.