Àgádágodo Ara Ẹ̀rọ Má Mira

Má Mira ni gbogbo èèyàn ń pè é. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà nílẹ̀ o, ṣùgbọ́n ta ló ń lò ó? Bó o bá ti jókòó síwájú kámẹ́rà rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lo máa gbọ́: "Má mira! Mo ní o ò gbọdọ̀ mira! Ìwọ ọmọ yìí, àbí èèrà ń jẹ ọ́ ni?" Ọmọ ọwọ́ ò gbọdọ̀ ta ẹsẹ̀, arúgbó ò gbọdọ̀ wúkọ́. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà ṣe lẹ̀ mọ́ ọn, tí ìyàwó rẹ̀ aránṣọ pàápàá fi ń pè é ní Bàbá Má Mira.

Ohun kan ló ń dun ọkùnrin náà. Ó lè ya fọ́tò, kò lè fọ̀ ọ́. Fíìmù aláwọ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń rì bọ inú abọ́ bíi ti ayé dúdú-òun-funfun. Ẹ̀rọ ló ń fọ̀ ọ́, ibi tí ẹ̀rọ wà sì jìnnà. Á di fíìmù sínú páálí, á fi rán awakọ̀, á wá máa retí. Àwọn oníbàárà á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Má Mira, ṣé fọ́tò wa náà ò mira níbi tó wà ni?" Inú á bí i títí.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tó gbọ́ pé bàbá arúgbó kan fẹ́ fiṣẹ́ ìfọfọ́tò sílẹ̀, tó sì fẹ́ ta ẹ̀rọ rẹ̀, kò dúró jẹun kó tó gbọ̀nà ibẹ̀ lọ.

Yàrá ẹ̀yìn ni ẹ̀rọ náà wà. N ò ní sọ ohun tó jọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ń gùn tó èèyàn, tó sì máa ń ní ìdérí. Bàbá arúgbó ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á fi àpò dúdú tí ìmọ́lẹ̀ kì í wọ̀ bo ìdí ẹ̀rọ, inú rẹ̀ ni wọ́n á ti yọ fíìmù kúrò nínú ilé rẹ̀, tí wọ́n á sì ti fi sí abẹ́ ìdérí. Àwọn rólà á máa fà á díẹ̀díẹ̀ gba inú oògùn gbígbóná, gba inú omi, gba inú atẹ́gùn, títí á fi yọ lódìkejì ní gbígbẹ. Ní gbogbo àkókò yẹn, ìmọ́lẹ̀ ò gbọdọ̀ kàn án rárá.

Àgádágodo ńlá kan wà lára ìdérí náà. Má Mira rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ta ló fẹ́ jí omi oògùn?"

"Kì í ṣe olè ni mo tì í mọ́."

"Ta wá ni, bàbá?"

"Èmi ni," ni bàbá arúgbó wí, kò sì rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ yìí máa ń ké. Ó lè pẹ́, ṣùgbọ́n á ké. Ọjọ́ tó bá ké, fíìmù ti há sí i nínú nìyẹn. Pa á. Fi ọwọ́ rẹ sẹ́yìn. Jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú, kó o pa gbogbo iná, kó o tó ṣí i. Èyí tó ti wọnú oògùn ti lọ nìyẹn, ṣùgbọ́n èyí tó ṣì kù nídìí ẹ̀rọ ò tíì rí nǹkan kan. Wàá rí ìyẹn gbà là. Àmọ́ tó o bá ṣí i nínú ìmọ́lẹ̀, ó parí."

"Mo ti gbọ́, bàbá."

"O ò gbọ́. Èmi náà ní mo gbọ́ nígbà tí wọ́n sọ fún mi."

Nígbà tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ náà sínú ọkọ̀, ìyàwó arúgbó náà jáde. Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ kan tó fi okùn so mọ́ ọrùn. "Fún ìyàwó rẹ," ló wí. "Má fi sápò ara rẹ o." Lẹ́yìn náà ló wo ẹ̀rọ náà, ó ní, "Ẹ má dá a padà fún wa o," ló bá wọlé, ó sì tilẹ̀kùn. Ara fu Má Mira díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọjà wù, etí rẹ̀ kì í gbọ́ nǹkan mìíràn.

Nígbà tí ẹ̀rọ náà dé ṣọ́ọ̀bù, ìyàwó Má Mira yí i po. "Àgádágodo ni mo rí yìí, Bàbá Má Mira? Kí lẹ tì mọ́nú ẹ̀, ajá?"

"Wọ́n ní ó máa ń ké nígbà mìíràn ni. Ìwọ náà kúkú ń fi ẹ̀rọ àlòkù ránṣọ."

"Ẹ̀rọ tèmi kì í ké," ni obìnrin náà fèsì, ó sì padà sídìí aṣọ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí Má Mira fi tú àgádágodo náà kúrò. Ṣé ẹ ò rí ọkùnrin yìí! Ó ní ó ń ba ẹwà ẹ̀rọ òun jẹ́, pé àwọn oníbàárà ń bi òun bóyá òun kó nǹkan pa mọ́. Ó fi ọ̀dà kun ojú ihò tó ṣẹ́ kù, ó ju kọ́kọ́rọ́ sínú dúrọ́ọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ń kó bọ́tìnnì sí.

Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ o, ká má purọ́. Láràárọ̀, Má Mira á mú oògùn gbóná, á kọ́kọ́ fi àjákù fíìmù dán an wò. Bí ìyẹn bá jáde dáadáa, á wá fọ tàwọn oníbàárà. Yẹ̀yẹ́ tán. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, àwọn rólà á máa dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀, wọ́n á ṣàdéédé dákẹ́. Má Mira á gbé etí lé ìdérí. Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀, òun náà á tún mí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ibẹ̀ la wà tí ọ̀ràn fi dé bá àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an. Gẹdú ya lu ọkọ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń la pákó, wọn ò sì gbé e délé láàyè. Oyún wà nínú obìnrin náà. Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé ọkọ náà kórìíra fọ́tò bí ẹni kórìíra ikú. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, Má Mira pariwo "má mira" títí ohùn rẹ̀ fi há, síbẹ̀ gbogbo ibi tí ọkọ ìyàwó wà, ẹ̀yìn orí ló kọ sí kámẹ́rà. Kò sí fọ́tò rẹ̀ kankan, àfi ọ̀kan tí wọ́n jí yà. Ẹnì kan tí wọ́n jọ ń la pákó ló yà á níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín, nígbà tí kò fura.

Fíìmù yẹn, tí wọn ò tíì fọ̀, ni opó náà dì sínú áńkáṣíìfù wá. "Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo ojú rẹ̀ tó kù láyé nìyí. Mo fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n."

Ìyàwó Má Mira fa ọkọ rẹ̀ sápá kan. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn onífọ́tò ńlá. Èyí kì í ṣe fíìmù tí wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ wò."

"Kí n gbé ojú ọkọ àbúrò mi fún awakọ̀? Ṣé orí ẹ pé?"

"Ọwọ́ yín ni mo fẹ́ kó wà, ẹ̀gbọ́n mi," ni àbúrò rẹ̀ wí. Ló bá jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó gbé ọwọ́ lé ikùn.

Ọ̀sán gangan ni. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ṣí sílẹ̀, oòrùn sì wọlé dé ìdí ẹ̀rọ. Má Mira fi àjákù dán an wò, ó jáde dáadáa. Ó dán an wò lẹ́ẹ̀kejì, kò sí àléébù. Ó wá ki ọwọ́ bọ inú àpò dúdú, ó yọ fíìmù náà níbẹ̀, ó fi í sí ìdí ẹ̀rọ, ó dé e.

"Ṣé ó ti wọlé?"

"Ó ti ń wọlé."

Kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ ọ. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí wọ́n ti sìnkú. Kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Ìgbà tó yá, ó dákẹ́. Má Mira dúró kó tún bẹ̀rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ké, igbe tín-ínrín kan tí kò dáwọ́ dúró.

Ó pa á, bí bàbá arúgbó ṣe wí. Ó fi ọwọ́ sẹ́yìn, bí bàbá arúgbó ṣe wí. Gbogbo rẹ̀ pátá ló rántí, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé ó gbàgbé. Ìdajì fíìmù náà ṣì wà lábẹ́ ìdérí láìfarapa, kò béèrè ju kí ilẹ̀ ṣú lọ.

"Kí ló ké, ẹ̀gbọ́n mi?" Obìnrin náà ti dìde. "Ó ti dúró! Ojú rẹ̀ ń jóná níbẹ̀! Yéè, mo gbé! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣe nǹkan!"

Bí àgádágodo bá wà níbẹ̀, á ní kó wá kọ́kọ́rọ́ lọ. Kò sí àgádágodo. Ẹni tó ń sọ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n má mira, ọwọ́ tirẹ̀ mira. Ó ṣí i.

Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán bọ́ sínú ẹ̀rọ náà. Ó rí fíìmù náà níbi tó ká jọ sí, ó yára dé e padà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí ẹni pé ìmọ́lẹ̀ ṣeé lé jáde. Nígbà tó fọ̀ ọ́ tán, dúdú ló jáde, dúdú láti orí dé ìdí.

Àbúrò rẹ̀ nà án sí ojú oòrùn, ó ń yí i síhìn-ín, ó ń yí i sọ́hùn-ún. "Èwo ni ojú rẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi?"

Ìyàwó Má Mira dé láti ìdí aṣọ, ó wo ojú ihò tí wọ́n fi ọ̀dà kùn, ó wo ọkọ rẹ̀, ó sì lọ mú kọ́kọ́rọ́ nínú dúrọ́ọ̀. Opó náà ká fíìmù padà sínú áńkáṣíìfù, ó ní ó dàbọ̀. Kò bú u. Ká ní ó bú u ni, ì bá sàn fún un.

Àgádágodo padà sára ẹ̀rọ, kọ́kọ́rọ́ bọ́ sọ́rùn ìyàwó. Fọ́tò ń jáde, oníbàárà ń wá, ṣùgbọ́n Má Mira kì í pariwo mọ́. Bí ọmọdé bá mira, á dúró dè é.

Àbúrò rẹ̀ bí obìnrin. Ọmọ náà dàgbà títí tó fi lè dá ọ̀nà mọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òun nìkan ló wọ ṣọ́ọ̀bù wá, ó di áńkáṣíìfù ìyá rẹ̀ mú gírígírí.

"Bàbá Má Mira, ẹ káàsán o. Mọ́mì ní ẹ̀yin lẹ máa ń fọ fọ́tò. Wọ́n ní bàbá mi wà nínú ẹ̀." Ó gbé e lé e lọ́wọ́. "Ẹ bá mi fọ̀ ọ́."

Ọmọ náà gun àga tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó kọjú sí ẹ̀rọ. Ó ń dúró dè é, kò sì mira.