Omi Tí Ìyá Mi Fẹ́ Fi Bọ́ Aṣọ Opó

Ọdún tí bàbá mi kú ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú laboratúà, yàrá àyẹ̀wò, ilé ìwòsàn kan ní Pobè. Ilẹ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòmìnira, gbogbo ohun tuntun ló ń dùn mọ́ wa, títí kan ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n fi ń fọ aṣọ aláìsàn. Wọ́n ń fi iyanrìn àti èédú sẹ́ omi ìfọṣọ náà kó tó dódò, ẹ ó rò pé omi òjò ni. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, lọ́nà Igana, odò wa ń hó lórí òkúta bí ìgbà tí èèyàn ń fọṣọ nínú rẹ̀.

Nílé wa, omi tó ń ṣàn, tí ọṣẹ kò kàn, ni opó fi ń wẹ̀ kó tó bọ́ aṣọ opó. Nígbà tí ọjọ́ tí ìyá mi máa bọ́ aṣọ pé, àwọn àgbà obìnrin rí ìfófó lórí odò náà, wọ́n sì dá a padà sílé nínú aṣọ dúdú rẹ̀. Inú bí mi. Mo ní kí wọ́n pọn omi kànga. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló dá mi lóhùn.

“Omi kànga è é ṣàn, ọmọ mi. Kí ló máa gbé ọ̀fọ̀ mi lọ?”

Ni mo bá sọ iṣẹ́ mi di tirẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń bu omi tí wọ́n ti sẹ́, màá po aró búlúù mọ́ ọn, màá da kulorofọ́ọ̀mù, oògùn olómi tó wúwo ju omi lọ, sí i, màá mì ín, màá sì dúró kó rọ̀ sísàlẹ̀. Bí ọṣẹ bá wà níbẹ̀, aró á bá a sọ̀kalẹ̀. Bí búlúù ìsàlẹ̀ ṣe dúdú tó ni ọṣẹ ṣe pọ̀ tó. A pààrọ̀ iyanrìn, a gbẹ́ kòtò tí wọ́n ti ń sẹ́ omi náà jìn sí i. Ẹ̀gbin lọ, òórùn lọ, ọṣẹ ò lọ. Ọ̀gá mi ní irú ọṣẹ yẹn kì í jẹrà ni, ilé ìwòsàn ò sì ní fi í sílẹ̀.

Bí mo bá délé, ìyá mi á ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

“Ṣé omi ọ̀ún ti mọ́?”

“Kò tíì mọ́, Ìyá.”

Á gbọn aṣọ rẹ̀ tó ti ṣá, á wọlé. Ìbá sàn fún mi kó bú mi.

Opó tí kò tíì bọ́ aṣọ kì í dé ibi ayẹyẹ. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, ẹ̀yìn ògiri ni ìyá mi ti gbọ́ orúkọ ọmọ náà. Mo gbọ́ tó ń ṣe àmín níbẹ̀, ọkàn mi sì bàjẹ́.

Ibà ló pa á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn tó wẹ òkú rẹ̀ ló bọ́ aṣọ opó lára rẹ̀.