Ọsàn Tí Ṣùkúrát Fi Ẹnu Mú Pọ́n

Ẹní ni ojú máa ń kọ́kọ́ bá ní ilé-ìkàwé kékeré kan tó wà ní Òkè-Àgbò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kí ó tó bá ìwé. Ẹní Ṣùkúrát ni. Ilé ló ti gbé e wá, nítorí ọmọdé tó bá jókòó sórí àga kì í gbọ́ ìtàn dáadáa. Ẹsẹ̀ á máa mì, ọkàn á sì máa bá ẹsẹ̀ lọ.

Àwọn méjì péré ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀gá Zechariah, àgbà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tísà, ni olórí. Ṣùkúrát sì ni igbá-kejì rẹ̀. Tó bá di ọjọ́ Sátidé, kálukú wọn á yan ìwé kan tó fẹ́ kí ará ìlú kà. Ọ̀gá á kọ orúkọ ìwé tirẹ̀ sára pátákó ẹnu ọ̀nà, ìkọ̀wé á gún régé. Ṣùkúrát kì í kọ nǹkan kan. Á pe àwọn ọmọ jọ sórí ẹní, á pa ìwé náà bí ẹni ń pa àlọ́, orin á wọ̀ ọ́, àtẹ́wọ́ á wọ̀ ọ́. Kí ó tó ṣe tán, wọ́n á ti máa du ìwé náà mọ́ra wọn lọ́wọ́.

"Ọ̀gá, ìwé tiyín ńkọ́?" ni Ṣùkúrát máa ń fi ọ̀gá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. "Ta ló yá a lọ́sẹ̀ yìí?"

"Eruku ni," ni Ọ̀gá á dáhùn. "Òun nìkan ló mọ iyì mi nílùú yìí."

Ìyá-ìyá Ṣùkúrát ló kọ́ ọ ní àlọ́ pípa, ní ìta ilé wọn ní Òjòwó, nígbà tí òṣùpá bá là. Ìyá àgbà kò mọ álífábẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ sí ipasẹ̀ adìyẹ, ṣùgbọ́n ó mọ ojú ọmọ kà. Bí ọmọ kan bá ti fi ebi sunkún lọ́sàn-án, ìjàpá alẹ́ ọjọ́ náà á rí oúnjẹ jẹ yó. Bí ọmọ kan bá ti jí ẹran nínú ìkòkò, ọbẹ̀ gbígbóná á bó ìjàpá lórí. Ìjàpá kan náà ni, àlọ́ kan náà ni. "Ẹni tó ń gbọ́ àlọ́ ló ni ìparí rẹ̀," ni ìyá àgbà máa ń wí. Ṣùkúrát gba ọ̀rọ̀ yìí bí ogún. Kò mọ̀ pé ogún mìíràn máa ń di ẹrù lórí ẹni.

Ní Sátidé kan, ìwé tó mú jáde dá lórí ọmọbìnrin kan tí ara rẹ̀ kò dá, tó gbin igi ọsàn sí ẹ̀yìnkùlé. Ṣùkúrát ti ka ìwé náà délẹ̀. Ó mọ̀ pé kí ọsàn náà tó so, ọmọ yẹn ti kú, àwọn ará ilé rẹ̀ ló fi omijé jẹ ẹ́. Bí ìtàn ṣe wà gan-an ló fẹ́ pa á, àfi bó ṣe gbójú sókè tó rí Aqeelah.

Aqeelah, ọmọ Bàdírù àgbẹ̀ ará Mámu, ni fòníkú-fọ̀ladìde ń bá jà láti kékeré. Bí àrùn náà bá dé, egungun á máa ro ó bí ẹni pé wọ́n ń fi ọmọ odó gún un. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé ni. Ibi tí wọ́n ti fa omi sí i lára ṣì wú lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀. Ó ti wọ́ ara rẹ̀ dé iwájú ẹní, ó la ẹnu sílẹ̀.

"Àǹtí, ṣé ọmọ náà jẹ nínú ọsàn yẹn?"

Ahọ́n Ṣùkúrát yí padà lẹ́nu rẹ̀. "Ó jẹ ẹ́ kẹ̀! Òun ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́! Ọsàn pọ́n, ara ọmọ le koko, omi ọsàn ń ṣàn dé ìgúnpá!"

Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Aqeelah rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. Nídìí tábìlì, Ọ̀gá Zechariah rọra yọ awò ojú rẹ̀.

Nígbà tí Ṣùkúrát kírun Aláásàrí tán tó padà wọlé, kò bá ìwé náà níbi tó gbé e sí.

"Bàdírù ló wá yá a," ni Ọ̀gá wí. "Ọmọ rẹ̀ ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí ibi tí ọmọ yẹn ti jẹ ọsàn."

"Háà! Ọ̀gá, kí ló dé tí ẹ fún un?"

"Ìwọ lo yàn án. A kì í fi ìwé tí a bá yàn du ẹni tó bá béèrè. Àbí kí n sọ fún un pé Àǹtí parọ́?" Ó tún awò rẹ̀ fi sójú. "Ṣùkúrát, ẹni tó bá gbọ́ àlọ́ tán, oorun ló kàn án. Ẹni tó bá gbọ́ tìwé, á lọ ṣí ìwé wò."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí Ṣùkúrát fi gun ọ̀kadà, ó di Mámu. Bí máṣìnì ṣe ń kó sínú gọ́tà tó ń jáde, bẹ́ẹ̀ ló ń wá irọ́ tó máa fi gba ìwé náà padà. Á ní ojú ewé kan ti já. Rárá, á ní ẹlòmíràn ló ń béèrè rẹ̀. Ó kàn ń bẹ Ọlọ́run kí ọmọ má tíì ka ibi tó burú.

Ó bá Bàdírù níwájú ilé, ó ń fi ẹsẹ̀ da kòkó tó sá sórí kọnkéré.

"Àǹtí oníwèé! Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ ti sọ ọmọ mi di ọ̀lẹ, láti àná kò gbé orí sókè nínú ìwé yín. Ó ní kí n wá igi ọsàn fún òun. Ẹ wò ó."

Igi ọsàn kékeré kan dúró sínú ọ̀rá dúdú lẹ́bàá ògiri, ewé rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùkúrát yára wọlé.

Nínú yàrá, Aqeelah jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìwé wà lórí itan rẹ̀, ó ti pa á dé.

"Aqeelah mi, ìwé yẹn ni mo wá gbà. Ojú ewé kan ni ó ti . . ."

"Mo ti kà á tán."

Ọmọ náà gbé ojú sókè wò ó.

"Àǹtí, ta ló parọ́? Ṣé ẹ̀yin ni, àbí ìwé?"

Tí ó bá ní ìwé ni, ọmọ á gbà á gbọ́. Ọ̀rọ̀ dídùn ti dé etí ètè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo ọwọ́ ọmọ tó wú yẹn, ó rí i pé bí òun bá tún dá àlọ́ mìíràn sí i, kò sí ẹni tí ọmọ náà yóò gbọ́ òótọ́ lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

"Èmi ni."

"Nítorí kí ni?"

"Ojú rẹ ni mo wò."

"Ẹ rò pé èmi náà máa kú ni."

"Rárá o," ni Ṣùkúrát wí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà pẹ́ kí ó tó jáde, pípẹ́ yẹn sì ni ọmọ gbọ́.

Aqeelah fi ọwọ́ méjèèjì na ìwé sí i. "Ẹ má sọ fún Bàbá mi. Inú wọn ń dùn sí igi yẹn."

Níta, Bàdírù ní àfi kí ó jẹ ìkọ́kọrẹ́ kí ó tó lọ, ṣùgbọ́n Ṣùkúrát dúpẹ́, kò jókòó. Baba náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan ewé igi ọsàn. "Ṣé kò ní pẹ́ tó máa fi so?"

"Ó máa ń pẹ́, Bàbá Aqeelah."

"Kò burú. A ó máa bomi rin ín."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ kún ẹní, iwájú nìkan ló ṣófo. "Àǹtí, ẹ tún ti ọlọ́sàn pa!" Ṣùkúrát pa á, bó ṣe wà nínú ìwé gan-an. Kò sí àtẹ́wọ́.

"Àmọ́ ó jẹ ẹ́ lọ́jọ́sí!" ni ọmọ kan pariwo.

"Irọ́ ni mo pa lọ́jọ́sí."

Wọ́n ń wò ó bí ẹni tó bu omi pa iná tí wọ́n ń yá. Wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan ni Bàdírù yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó ti rù. "Egungun ríro tún dá a dùbúlẹ̀ láti àná. Ó ní kí n wá gba ìwé òmíràn wá."

Ṣùkúrát ti fò dìde. "Irú èwo ló fẹ́?"

"Ó ní kó jẹ́ èyí tí Àǹtí kò tíì fi ẹnu kàn." Bàdírù rẹ́rìn-ín, kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. "Ọ̀rọ̀ ọmọdé, ẹ má bínú."

Ọ̀gá Zechariah na ìka sí pátákó rẹ̀. Orúkọ ìwé tirẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ṣùkúrát lọ fa ìwé yẹn yọ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó fi etí hìjáàbù rẹ̀ nu eruku ara rẹ̀, ó gbé e fún baba ọmọ.

"Ṣé ìparí èyí dùn?" ni Bàdírù béèrè.

Ṣùkúrát la ẹnu. Ó tún pa á dé.

"Ẹ jẹ́ kí ó fi ojú ara rẹ̀ kà á," ni ó wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ká ẹní.