Aṣọ Funfun Létí Ojú Irin

Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ibi gbogbo láyé ni èéfín ti máa ń wà lójú ọ̀run bí ìkúukùu. Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ mú mi lọ sí ìlú bàbá mi ní Ìlá, tí mo jáde láàárọ̀ tí mi ò rí èéfín kankan, mo bi ìyá bàbá mi pé ṣé ọkọ̀ ojú irin tiwọn kò tíì jí ni. Haúsá ni mo fi bi wọ́n, nítorí òun ló máa ń yá lẹ́nu àwa ọmọ Minna. Ìgbà tí bàbá mi túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Láìnì ni wọ́n ń pe àdúgbò wa. Ilé tí rélùwéè kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni, wọ́n tò wọ́n lọ gbọọrọ lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ́ńjìnì, yàrá kan àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan fún ìdílé kan. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí wọ́n bí sí irú ibẹ̀ mọ ohun tí mò ń wí. Bí o bá bu kókó, ìyẹn ẹ̀kọ mímu, sínú abọ́ láàárọ̀, kí o yára bò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀rún èédú á ti bá ọ fi ata sí i. Ìyá Rábì, aládùúgbò wa, ará Ìlọrin, ló ń dín kósé, àkàrà tí a fi ń mu kókó náà. Wọ́n máa ń ju ẹyọ kan sí mi lọ́wọ́ nígbà tí ó ṣì ń hó, èmi á máa jù ú láti ọwọ́ kan sí èkejì títí n ó fi dé ilé.

Eré tiwa ni kí a to ìṣó sórí irin kí ọkọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, kí a sì pọ́n ọn di ọ̀bẹ. Bí bàbá mi bá ká mi mọ́ ibẹ̀, wọ́n á ní kí n fi ìka kan kanlẹ̀, kí n gbé ẹsẹ̀ kan sókè, kí n wà bẹ́ẹ̀ títí ọkọ̀ mìíràn yóò fi kọjá. Kò sí ọmọ tó mọ àdúrà gbà fún ọkọ̀ ojú irin bíi tèmi. Bí ọkọ̀ Kàdúná bá pẹ́, mo gbé!

Iṣẹ́ bàbá mi ṣòro láti ṣàlàyé fún ọmọ ìgboro. Nígbà òjò, ẹsẹ̀ ọkọ̀ máa ń yọ̀ lórí irin, pàápàá bí ó bá ń gun òkè, iyanrìn ni wọ́n sì ń dà síwájú rẹ̀ kí ó lè rí ilẹ̀ tẹ̀. Iyanrìn náà gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa. Nítorí náà yàrá kan wà ní ṣẹ́ẹ̀dì tí iná kì í kú nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni bàbá mi ti ń yan iyanrìn. Lọ́jọ́ tí tíṣà bi wá ní kíláàsì pé kí ni iṣẹ́ bàbá wa, mo dìde, mo ní, "Wọ́n ń yan iyanrìn." Ọmọkùnrin kan láti Limawa, àdúgbò kan nígboro, pariwo pé, "Kai! Ta ni yóò jẹ ẹ́?" Mo ní rélùwéè ló ń jẹ ẹ́, àti pé bí kò bá jẹ ẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń lọ Kàdúná yóò fi ẹsẹ̀ rìn ín. Inú mi dùn sí èsì yẹn fún ọjọ́ pípẹ́.

Ìyá mi ní tiwọn, aṣọ ni wọ́n ń fọ̀ fún àwọn akọ̀wé rélùwéè. Ẹ ó bi mí pé báwo ni ènìyàn ṣe ń fọ aṣọ funfun níbi tí èéfín wà bẹ́ẹ̀. Fèrè ni. Àwọn dírẹ́bà tó ń wakọ̀ kọjá lẹ́yìn ilé wa ti bá àwọn ìyá wa mulẹ̀, kí wọ́n tó bí mi pàápàá. Bí dírẹ́bà bá fẹ́ da èédú síná tàbí kí ó tú èéfín, yóò kọ́kọ́ fun fèrè kúkúrú lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá rí àwọn obìnrin! Ẹni tó ń dáná á fi ìkòkò sílẹ̀, ẹni tó ń di irun á fi orí ọlọ́rí sílẹ̀ láàbọ̀, wọ́n á sáré lọ sídìí okùn. Ẹnikẹ́ni kì í bèèrè pé ta ló ni aṣọ. Èyí tí ọwọ́ rẹ bá bà ni wàá ká. Bí èéfín bá ti kọjá, a ó tún sá wọn padà. Dírẹ́bà tó bá gbàgbé, ìyàwó rẹ̀ kò ní rí ẹni kí i ní Láìnì títí yóò fi wá bẹ̀bẹ̀.

Síbẹ̀ àwọn ará ìgboro kò gbà pé ohun funfun lè ti ọ̀dọ̀ wa jáde. 'Yan gawayi ni àwọn ọmọ wọn ń pè wá, ìyẹn ọmọ èédú.

Lọ́dún kan, Iléyá bọ́ sáàárín òjò. Ìyálé Áfáà kan wà ní Limawa tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Ilé Kéú, nítorí ilé wọn ni àwọn ọmọ ti ń kọ́ kéú. Alágbàfọ̀ wọn ti lọ sìnkú ní Bídà, Iléyá sì ti dé tán. Wọ́n wá sí Láìnì fúnra wọn, ọmọ kéú kan ru ẹrù aṣọ ńlá tẹ̀lé wọn. Agbádá Áfáà, láwàní wọn, àti aṣọ gbogbo àwọn ọmọ wọn ọkùnrin ni, funfun ni gbogbo rẹ̀.

Wọ́n ní, "Ìyá Délé, n kò ní purọ́ fún ọ. Wọ́n ní mò ń gbé wàrà lọ fún ẹni tó ń ta èédú. Ṣùgbọ́n mo ti rí aṣọ tí ọmọ rẹ ń wọ̀ lọ síléèwé."

Ìyá mi kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ ò ní kábàámọ̀, Ìyá."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, gbogbo obìnrin Láìnì péjọ láti wo ẹrù náà bí ẹni ń wo ọmọ tuntun. Ìyá Rábì ní, "Ìyá Délé, aṣọ yìí kì í ṣe tìrẹ nìkan o. Bí ó bá mọ́, Yídì ni wọn ó ti rí i. Bí ó bá bàjẹ́, wàlláhì, 'yan gawayi ni wọn ó máa pe àwọn ọmọ ọmọ wa."

Ọjọ́ tí Iléyá ku ọ̀la ni oòrùn tó yọ. Ìyá mi ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti fi búlúù sí i. Wọ́n sá wọn sórí okùn tó sún mọ́ ojú irin jù, nítorí ibẹ̀ ni oòrùn kọ́kọ́ ń dé. Wọ́n ní kí n jókòó tì í, kí n máa lé ewúrẹ́. Mo jókòó. Ewúrẹ́ kankan kò sún mọ́ ọn, mo fi Ọlọ́run búra.

Ẹ́ńjìnì kan bọ́ síta láti ibi tí ó ti ń gba omi, ó ń lọ sí ṣẹ́ẹ̀dì. Mo rí i. Mo rí èéfín rẹ̀, ó dúdú, ó ki, atẹ́gùn sì ń tì í bọ̀ nílẹ̀nílẹ̀. Mò ń retí fèrè. Ohun tó yé ọmọ Láìnì ni pé fèrè ló ń ṣáájú èéfín, bí ìgbà tí mànàmáná ń ṣáájú àrá. Àwọn ìyá wa tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rí i pẹ̀lú. Kò sí ẹni tó dìde. Nígbà tí èéfín náà kọjá tán, agbádá Áfáà ti di ara ẹyẹ ẹtù, tótòtó ló rí láti ọrùn dé ìsàlẹ̀.

Ìyá mi kò pariwo. Wọ́n wá dúró síwájú mi. Mo ti di ojú, mò ń retí ìgbátí.

Wọ́n ní, "Délé, o ò rí i ni?"

Mo ní, "Mo rí i, Màámi. Fèrè ni mi ò gbọ́."

Wọ́n ní, "Èmi náà rí i."

Wọn kò nà mí. Títí di òní, ó wù mí kí wọ́n ti nà mí lọ́jọ́ náà.

Àwọn yòókù ti rọ́ lọ bá dírẹ́bà. Àlejò ni, ọ̀nà Jọ́ọ̀sì ni ó ti ń wakọ̀ tẹ́lẹ̀, Yorùbá bíi tiwa sì ni. Ìyá Rábì na ọmọrí ìkòkò sí i, wọ́n ní, "Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́? Ṣé wọn ò fún ọ ní fèrè ni?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin ìyá mi. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé kí n fun ún."

"Haba! Ṣé wọ́n tún ń sọ fún ènìyàn kó má da èédú sórí agbádá Áfáà?"

Ọkùnrin náà yọ fìlà. Ó wo orí okùn, ó wo ọ̀dọ̀ ìyá mi, ó ní, "Kí ni kí n ṣe?"

Ìyá mi ní, "Omi gbígbóná."

Inú ẹ́ńjìnì tó ba aṣọ náà jẹ́ ni omi ti wá. Dírẹ́bà ń tú u, àwa ọmọdé ń fi korobá gbé e, gbogbo Láìnì yọ ọpọ́n ìfọṣọ wọn síta. Ìyá mi ń ké pé, "Ẹ má fọwọ́ ra á! Ẹ kọ́kọ́ ṣàn án dànù!" nítorí bí o bá fọwọ́ ra èédú mọ́ aṣọ, ó di ti aṣọ náà nìyẹn. Onígbàgbọ́ fọ̀ nínú rẹ̀, Mùsùlùmí fọ̀ nínú rẹ̀. Ìyá Rábì, tí ààwẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí ń gbà lọ́jọ́ tó ṣáájú Iléyá wà lẹ́nu wọn, kò gbé orí sókè títí aṣọ inú ọpọ́n wọn fi funfun.

Bí a ṣe fún aṣọ tó kẹ́yìn tán ni òjò dé.

Ẹ rántí pé ọ̀la ni Iléyá. Àwọn obìnrin dúró sábẹ́ àjà, aṣọ tútù lọ́wọ́ oníkálukú. Bàbá mi ló jáde láti ṣẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ní, "Ẹ gbé e wá." Ìyá mi ní, "Bí ọ̀gá bá rí i ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Bí wọ́n bá lé bàbá mi lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n lé wa nínú ilé náà nìyẹn. Bàbá mi gba láwàní lọ́wọ́ ìyá mi, wọ́n ń lọ.

A ta okùn káàkiri yàrá iyanrìn náà, a sá àwọn aṣọ náà sí i, ooru sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé apá agbádá sókè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni fẹ́ fò. Àwọn obìnrin mẹ́ta ń fi áyọ́ọ̀nù lọ èyí tó bá ti gbẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀dì ti ká wa mọ́, ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni kò rí eyín rẹ̀ rí.

Ó ní, "Bàbá Délé, kí lèyí?"

Bàbá mi na ara dúró. "Iléyá ni, sà."

Ọ̀gá wo òkè, ó wo àwọn obìnrin, ó wá tẹ̀ sí ẹnu iná. "Ta ló ń kóná?"

"Èmi ni, sà."

"Ó kéré. Kó o sí i. Kí o sì ti ilẹ̀kùn yẹn, atẹ́gùn ń wọlé."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti wà ní Limawa. Èmi ni mo ru láwàní. Ìyá Ilé Kéú ṣí aṣọ kọ̀ọ̀kan sí ojú ìmọ́lẹ̀, wọ́n yẹ ọrùn wò, wọ́n yẹ abẹ́ apá wò. Wọ́n gbé ọ̀kan símú. "Kí lòórùn yìí?"

Ìyá mi kò fi nǹkan kan pamọ́. Wọ́n sọ èéfín, wọ́n sọ omi ẹ́ńjìnì, wọ́n sọ iyanrìn. Mo rò pé a ti kú. Ìyá Ilé Kéú tẹ̀ ẹ́ símú lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní, "Madalla, ó dára gan-an. Áfáà yóò gbọ́ pé gbogbo ilé yín ló fọ̀ ọ́."

Lọ́jọ́ kejì, Rábì àti èmi gun òkúta kan lẹ́bàá Yídì. Àwọn ará ilé kéú jáde, òjò ti fọ ilẹ̀, ohun gbogbo tutù, aṣọ wọn sì ń tàn lójú bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ọmọkùnrin kíláàsì wa tó fi iyanrìn ṣe mí yẹ̀yẹ́ náà wà láàárín wọn. Mo nawọ́ sí aṣọ rẹ̀, mo pariwo fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé, "Tiwa nìyẹn!" Láti ọdún yẹn, kò sí Iléyá tí aṣọ Limawa kò wá sí Láìnì.

Ní báyìí, ẹ́ńjìnì tó ń mu epo ti ń gba ipò ti èédú lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ọ̀run wa ti mọ́. Àwọn dírẹ́bà tuntun kò mọ fèrè ẹ̀ẹ̀mejì, kò sì sí ìdí tí wọn ó fi mọ̀ ọ́n. Èmi náà ti di òṣìṣẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì. Kì í ṣe ohun tí Màámi fẹ́ nìyẹn. Akọ̀wé ni wọ́n fẹ́ kí n jẹ́, kí èmi náà máa wọ funfun, torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fọ aṣọ àwọn akọ̀wé. Èmi ni mo fi ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin, mo ní ìwé kò wọ̀ mí lórí. Màámi náà ló fọ epo kúrò lára aṣọ iṣẹ́ mi fún ọjọ́ pípẹ́ kí ojú tó tì mí. Mò ń fọ̀ ọ́ fúnra mi báyìí. Mi ò fọ̀ ọ́ dáadáa tó wọn.

N kò ṣàárò èéfín. Ṣùgbọ́n nígbà náà, bí ewu bá dé bá aṣọ ẹnì kan, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń dìde. Lónìí, bí òjò bá ṣú, oníkálukú á jáde, á ká tirẹ̀, á wọlé, á fi ti ẹnì kejì sílẹ̀ lórí okùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò bẹ̀rẹ̀, mo sì rí Màámi níta, wọ́n ń rìn láti ìdí okùn kan sí òmíràn, aṣọ kún èjìká wọn. Mo jáde lọ bá wọn. Mo bèèrè pé ta ló ni gbogbo ìwọ̀nyí. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀, pé kí n gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún lọ kí n máa ká a bọ̀.